Google Lens àti àwòrán Apẹ̀tẹ̀

Ní Sátidé tó kọjá, agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi àgbà fi àwòrán kan sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa: omi ya bo afárá, mọ́tò kan dorí kodò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Apẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ má jáde o!" Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn, ni àbúrò mi obìnrin ń gbé. Àyà mi já. Mo pè é, kò gbé e.

Mo tọ́jú àwòrán náà sórí fóònù, mo ṣí Google, mo tẹ àmì kámẹ́rà kékeré tó wà níbi tí a ti ń wá nǹkan, mo mú àwòrán náà. Lens nìyẹn. Kíá ló kó àwọn tó jọ ọ́ jáde. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011: mọ́tò kan náà, àní agbòòrùn pupa tó há sára irin afárá wà níbẹ̀. Omíyalé 26 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni. Àwòrán náà kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni irọ́. Nígbà tó yá ni àbúrò mi pè padà. Oorun ló ń sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, ẹnìkan pe màmá wa lóru pé kí wọ́n fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má bàa mú wọn. Bẹ́ẹ̀, màmá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ṣì ń rí ife tánganran náà, iyọ̀ tí kò yọ́ tán wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Ẹni tó pè wọ́n fẹ́ràn wọn dénú. Ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Lens. Kì í sọ pé òótọ́ ni tàbí irọ́; àwòrán tó jọra ló ń kó wá, èyí tó sì wà lókè kọ́ ló pẹ́ jù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wo déètì. Kò wúlò fún àhesọ tí wọ́n fi ohùn sọ, bẹ́ẹ̀ ohùn ni àwọn àgbà ilé wa fẹ́ràn jù. Fún ìyẹn, Dubawa tàbí Africa Check, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni, ni mo máa ń lọ wò.

Mi ò fi ohun tí mo rí sórí gúrúùpù. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, àwọn fúnra wọn ló sì pa àwòrán náà rẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn.