Erùpẹ̀ Inú Àpò fún Ìkòkò Òdòdó Ńlá: Ó Dára, Àmọ́ Ẹ Má Tẹ̀ Lé Ìmọ̀ràn Ẹ̀yìn Àpò

Àpò mẹ́rin ni mo rà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 lítà, nítorí ìkòkò méjì tó wà níta gbangba, tí wọ́n fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà láti òkè délẹ̀, tí wọ́n sì ga tó bẹ́ẹ̀ náà. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí 98 lítà, nítorí náà àpò méjì tó ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nínú erùpẹ̀ yìí ni pé kì í dì. Èèpo igi tó ti jẹrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì da perlite mọ́ ọn, ìyẹn àwọn hóró funfun fífúyẹ́ tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá fi iná tó gbóná gan-an yan òkúta òkè ayọnáyèéfín títí yóò fi wú. Erùpẹ̀ tí a wà nínú ọgbà kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí bí a ti ń bomi rin ín nínú ìkòkò ni yóò máa le, tí àlàfo tí atẹ́gùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò yóò sì máa dí. Gbòǹgbò tí kò bá rí atẹ́gùn yóò jẹrà, ewé yóò sì rọ bí ẹni pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, èyí tó máa ń mú kí ènìyàn tún bu omi sí i.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ṣe é kò ti fẹnu kò ni ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò, pé kí a kọ́kọ́ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jò dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò kan. Mo fi àwọ̀n bo ihò ìdí èkejì, mo sì fi erùpẹ̀ nìkan kún un. Irú róòsì kan náà ni mo gbìn sínú méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ewé ti ìkòkò olókùúta ti ń pọ́n. Nígbà tí mo tú u, erùpẹ̀ tó wà lórí òkúta rin gbingbin, gbòǹgbò tó dé ibẹ̀ sì ti dúdú. Ìdí ni pé omi kì í tètè kúrò nínú erùpẹ̀ tí àlàfo rẹ̀ kéré bọ́ sínú àlàfo ńlá àárín òkúta. Erùpẹ̀ yóò dì í mú títí yóò fi kún àkúnya kí ó tó jò, nítorí náà ńṣe ni òkúta gbé omi tó dúró náà súnmọ́ gbòǹgbò. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó rẹ fóòmù ìfọbọ́ sínú omi, kó gbé e ní ìbú títí kò fi ní kán mọ́, kó wá gbé e dúró lóòró: omi mìíràn yóò tún jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni erùpẹ̀ tó jìn ṣe ń yọ omi kúrò lókè ju èyí tí kò jìn lọ.

Erùpẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Bó bá gbẹ tán, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá, àfi kí a rọra bomi sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sì ti lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, nítorí èèpo igi ṣì ń jẹrà.

Síbẹ̀, òun náà ni mo tún rà. Mo ti kó òkúta dànù, mo gé gbòǹgbò tó bàjẹ́ kúrò, mo sì fi àpò tuntun dí àyè tó ṣófo. Ewé tuntun mẹ́ta ti yọ lára róòsì náà.