Ẹ ṣọ́ra o: preamp onífáàfù tí fáàfù ẹ̀ kàn wá wòran

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwo, ẹ dúró kẹ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ síbì kankan, torí ó dá mi lójú pé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹnìkan wà níbì kan tó ń bá ọmọ tó lù mí ní jìbìtì dúnàádúrà lọ́wọ́. ₦185,000 ni mo kó fún un. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó yẹn jọ. Ohun tó tà fún mi, preamp onífáàfù ló pè é (preamp ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn àwo sókè kó tó dé áńpù, fáàfù ni ìgò kékeré tó ń gbóná tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ẹ̀rọ àtijọ́), fáàfù sì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, mẹ́rin, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí fáàfù ọ̀hún ń ṣe ni mi ò rí.

Bàbá mi ló fi àwo sílẹ̀, àpàlà, sákárà, jùjú, wọ́n lé ní igba, mo wá ra turntable tòkunbọ̀ kan ní ọjà Àlàbá ní Èkó kí n lè máa gbọ́ wọn. Àwọn tó ti ṣe é rí mọ̀ pé ẹ ò lè so turntable mọ́ áńpù báyẹn lásán, ohun tó ń jáde lára abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò ju bíi mílífóltì mẹ́ta sí márùn-ún lọ, wọ́n sì ti dín báàsì kù nígbà tí wọ́n ń gé àwo ọ̀hún ní ilé iṣẹ́, preamp tó ní ojú phono (ojú tí wọ́n ṣe fún turntable) ló máa gbé e sókè tó sì máa dá báàsì yẹn padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn máa dún bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Mo bá ní tí mo bá máa rà á náà, kí n kúkú ra onífáàfù. Rédíò fáàfù kan wà ní pálọ̀ bàbá àgbà nígbà tí mo kéré, tí wọ́n bá yí i, ẹ máa dúró ni, á gbóná ná, á wá máa sọ̀rọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ohùn yẹn ò kúrò létí mi títí dòní.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí tiẹ̀. Fídíò ló fi síbẹ̀, pálọ̀ tó ṣókùnkùn biribiri, kọ́tìnnì búlúù, aago ògiri kan lókè, fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pọ́n yòò bí ògúnná, orin sì ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Ó wù mí kọjá sísọ. Mo pè é, ọmọ yẹn mọ̀rọ̀ sọ, bọ̀dá mi báyìí, bọ̀dá mi báyẹn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló gbé e bọ̀ láti London. Mo ní kó bá mi ṣí ìdérí ẹ̀ kó ya inú ẹ̀ fún mi, ó ní tóun bá ṣí i, gàràntí ẹ̀ á bàjẹ́. Tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ gbé bọ̀ láti London, gàràntí wo ló ṣẹ́kù lára ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mo tún ní kó ya á lójú ọ̀sán, ó ní ilé òun ò ní fèrèsé tó dáa (ẹ wo kọ́tìnnì o). Ó wá ní ẹni méjì ló ti dúró lórí ẹ̀, pé ọ̀kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́la pẹ̀lú káàṣì. "Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi kì í ṣe gbájúẹ̀." Ẹni tí kì í ṣe gbájúẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn lésì ọ̀rọ̀ tí wọn ò bi í, ṣùgbọ́n mo ti tẹ owó lọ.

Wébíìlì dé lọ́jọ́ kẹta. Mo so ó, mo tẹ súìsì, fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wàrà! Ibẹ̀ ló yẹ kó ti yé mi. Fáàfù gidi kì í tàn báyẹn. Wáyà kékeré kan wà nínú irin tó wà láàárín ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó pọ́n, ẹ máa kà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan, ohun tẹ́ ẹ sì máa rí náà ò pọ̀, ó kàn máa pọ́n ráńpẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ irin yẹn, tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ẹ lè má rí i rárá. Gíláàsì ẹ̀ kì í tànmọ́lẹ̀. Tèmi yìí, ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìgò.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, mo gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì ń yìn ín. Mo pe aládùúgbò mi wá, mo ní ẹ gbọ́ bí gángan yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn fáàfù nìyẹn, ó ní àbí ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀, àwa méjèèjì wá ń mi orí bí alángbá.

Ọjọ́ kan ni iná lọ lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ orin fún bíi wákàtí mẹ́ta, mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà kúrò lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi kan gíláàsì fáàfù kan. Ó tutù bí ìkòkò omi. Mo kan èkejì, bákan náà. Wákàtí mẹ́ta! Fáàfù tó ti ṣiṣẹ́ ìdajì wákàtí lásán, ẹ ò ní lè di gíláàsì ẹ̀ mú pẹ́ tọ́wọ́ yín ò fi ní gbóná. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀ mo wo adápítà tó bá a wá, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀, 12V, 200mA (mA yẹn ni ìwọ̀n iná tó lè pèsè). Ohun tí wọ́n kọ sára fáàfù yẹn ni 12AX7 (àwọn ará Yúróòpù máa ń pè é ní ECC83, nǹkan kan náà ni), 12AX7 kan ṣoṣo á jẹ 150mA ní fóltì 12.6 láti fi mú wáyà inú ẹ̀ gbóná nìkan. Mẹ́rin á jẹ 600mA. Adápítà tó ní 200mA níkùn fẹ́ bọ́ ẹni tó ń jẹ 600mA, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọ?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ńbí. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára iná, wọ́n fa fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n sórí tébù bí ọmọ ayò, wọ́n wá so ẹ̀rọ padà, wọ́n gbé àwo lé e. Àwọn elégbè ò ṣi ohùn kan. Fáàfù mẹ́rin wà lórí tébù, orin ń lọ geere! Nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣófo yẹn, LED bíńtín kọ̀ọ̀kan ń tàn níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn. Bàbá yí ẹ̀rọ dojú dé, wọ́n fi súkúdíráfà tọ́ka sí chip dúdú kékeré kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n kọ 4558 sí i lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá ń tún áńpù ṣe ló mọ 4558, ó kún inú dúrọ́ọ̀ wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ń kọrin nìyí. Àwọn yòókù, ìran ni wọ́n wá wò." Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún wò ó dáadáa. Wọ́n fi hàn mí pé ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù yẹn ò kan nǹkan kan lábẹ́, wọn ò fi òjé kankan jó o mọ́ ibì kankan. Ọ̀kan nínú fáàfù ọ̀hún gan-an, òkú ni tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀: orí ẹ̀ tó yẹ kó dán bíi dígí ti funfun bí ẹfun. Tí ibẹ̀ bá ti funfun báyẹn, afẹ́fẹ́ ti wọnú ẹ̀ nìyẹn, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni Ọlọ́run.

Mo kọ̀wé sí ọmọ yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o: ó ní fáàfù tó wà níbẹ̀ ló ti gbó, kí n fún òun ní ₦60,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kóun fi fáàfù Telefunken ti Jámánì ìjọ́sí ránṣẹ́ sí mi. Ó ti rẹ́ mi jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fẹ́ ṣan ọwọ́ kó padà sídìí abọ́. Lórí Telefunken yìí, ẹ fetí sílẹ̀, torí ayédèrú ẹ̀ pọ̀ ju gidi lọ. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí rárá, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ sára fáàfù tuntun láti Ṣáínà tàbí Rọ́ṣíà. Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù ún tó parẹ́ ayédèrú ni, ti gidi náà máa ń parẹ́. Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí síta: ECC83 ti Telefunken gangan ní àmì dáyámọ́ńdì kékeré tí wọ́n mọ mọ́ gíláàsì ọ̀hún láàárín ẹsẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo ní kó ya ìdí ẹ̀ fún mi. Ó blọ́ọ̀kù mi.

Kí n má bàa ṣe àṣejù, kì í ṣe gbogbo kékeré olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ jìbìtì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà tó ń lo fáàfù 6J1, ẹlẹ́sẹ̀ méje, orin ń gba inú fáàfù wọn kọjá lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóltì tí wọ́n fún un kéré, LED sì wà lábẹ́ tiwọn náà fún ẹwà. Tí wọ́n bá tà á fún yín ní iye tó tọ́ sí i, kò sí ìjà. Chip náà ò sì burú, preamp phono tó lo chip tó sì dún dáadáa wà lọ́jà rẹpẹtẹ. Kí wọ́n ṣáà sọ pé chip ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ wọn ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò fún yín lójú ọ̀sán: kó pa ẹ̀rọ, kó dúró kó tutù, kó yọ fáàfù, kó tàn án padà kó gbé orin sí i. Tí orin bá ṣì ń lọ geere lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ìgbà tí fáàfù wà níbẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fọwọ́ fa fáàfù yọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ o, onífáàfù gidi lè ní fóltì 200 sí 300 nínú, kápásítọ̀ inú ẹ̀ sì lè mú un dání fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà, ẹ má ṣí abẹ́ ẹ̀ tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ṣe ọ̀rẹ́ mi ní Ṣàgámù yàtọ̀ sí tèmi. Òun ra gidi, ti Amẹ́ríkà, ó wúwo, ó rẹwà. Ẹni tó tà á fún un ní "auto ni, kò sí wàhálà". Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ẹ̀, 120V 60Hz. Ẹ̀rọ tó ní tiransifọ́mà onírin ńlá kì í fúnra ẹ̀ yí fóltì padà, tí kò bá sí súìsì 120/230 lẹ́yìn ẹ̀, ti 120 náà ni, ẹ gbọ́dọ̀ ra step-down (tiransifọ́mà tó ń dín fóltì kù). Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ ẹ́ bọ iná 230 wa yìí, èéfín ló kọ́kọ́ kọrin.

Tẹ́ ẹ bá wá rí èyí tó dáa rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí Bàbá kọ́ mi, torí àwọn oníṣòwò kì í sọ ọ́, wọ́n á sì ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Preamp ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan, fólúùmù nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan áńpù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, áńpù ni kó kọ́kọ́ kú, kó má bàa gbá sípíkà yín gbì. Ẹ má gbé e lé áńpù lórí, ooru ẹ̀ àti kíkùn tiransifọ́mà ẹ̀ á yọ preamp lẹ́nu. Wáyà tín-ínrín tó bá turntable wá, wáyà ilẹ̀ (ground) ni, ẹ dè é mọ́ ìdè tó wà lẹ́yìn preamp, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó máa kùn húùn. Ẹ fi ìdí pẹ́ńsù kan orí fáàfù pẹ́pẹ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: tó bá dún gan-an bí agogo nínú sípíkà, fáàfù yẹn ò sunwọ̀n, ẹ dá a padà. Tó bá sì jẹ́ pé orí ínfátà nìkan ló ti ń kùn, tí NEPA bá dé tó dákẹ́, ínfátà yín ni, ẹ má bá oníṣòwò jà.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ yẹn níbí, orúkọ tó ń lò kì í ṣe tiẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo fídíò dáadáa. Aago tó wà lókè kọ́tìnnì búlúù yẹn ti kú, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dúró sí. Lánàá mo rí ìpolówó preamp onífáàfù mìíràn, orúkọ mìíràn, nọ́ńbà mìíràn, wọ́n ní ìyá àgbà kan ló ń kó lọ Kánádà. Aago mẹ́rin kọjá mẹ́wàá.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo fọ́tò ohun tó fẹ́ rà, kó fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà má fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, kí n má bàa bá yín sunkún.