Ìkòkò amọ̀ tó ń sẹ́ omi tí mo rà ní Kétu, oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó

Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ṣì ń mu omi kànga, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ọwọ́ ìyá kan tó máa ń pàtẹ lọ́jọ́ ọjà ni mo ti rà á, 9,000 sẹ́fà, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tí wọ́n gbé e sí, ìdérí àti ròbìnẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ mi ní owó yẹn ti pọ̀ jù fún ìkòkò, ó ní kí ni àmù tó wà nílé ń ṣe.

Àmù ń mú omi tutù ni o, kì í sẹ́ ẹ. Èyí tí mo rà yìí, wọ́n ti po iyẹ̀ pákó tàbí èèpo ìrẹsì mọ́ amọ̀ kí wọ́n tó mọ ọ́n, tí wọ́n bá wá sun ún nínú iná tó gbóná gan-an, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn á jóná tán, á wá ku àwọn ihò tín-ín-tín tí ojú ò lè rí, omi á máa gba ibẹ̀ jò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á há sẹ́yìn. Wọ́n tún máa ń fi omi tí wọ́n po fàdákà lúbúlúbú mọ́ pa á lára, ìyẹn náà ń pa kòkòrò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Guatemala kan, Fernando Mazariegos, ló ṣe irú ẹ̀ ní 1981, ó ti wá dé ọ̀pọ̀ ìlú báyìí.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ omi ẹ̀ ń rùn bí amọ̀, mo dà á nù. Lẹ́yìn ìyẹn ó mọ́ kedere, ó sì dùn mu. Ó lọ́ra sha! Bíi lítà 2 ní wákàtí kan, torí náà alẹ́ ni mo máa ń pọn ọ́n kún, tí ilẹ̀ bá mọ́ a ti ní omi mímu, ti ọbẹ̀ ò sí ńbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí omi kànga di pupa, mo kàn ń dà á sí i bẹ́ẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń kán tó tó, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ihò ẹ̀ ló dí. Ẹ jẹ́ kí omi tòrò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, tó bá sì ti ń lọ́ra jù kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ inú ẹ̀ pẹ̀lú omi tó ti sẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ sí ìkòkò yẹn láéláé! Aládùúgbò mi fi ọṣẹ fọ tiẹ̀, kò sì jò dáadáa mọ́. Ìyá tó ń tà á ò sọ ìkankan nínú ẹ̀ fún wa, ìyẹn dùn mí gan-an torí kì í ṣe owó kékeré.

Nǹkan míì tí kò sọ: kò lè yọ iyọ̀ tàbí oògùn oko kúrò nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọ àwọn èròjà tó ti yọ́ mọ́ omi tó ń jò wá láti ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga. Àwọn kòkòrò tó kéré jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, lè kọjá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣì ń se omi ọmọ ọwọ́ mi.

Ròbìnẹ̀ ẹ̀ jò lóṣù kejì, mo fi 500 sẹ́fà pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ mo fẹ́ ra òmíràn fún màmá mi lóko, mo sì ti sọ fún ìyá náà pé kó jẹ́ kí n kan ìkòkò ẹ̀ kí n tó sanwó: èyí tó bá dún gbọnrangandan ni mò ń gbé, èyí tó bá dún bàkàtà ti sán nìyẹn.