Géèmù Maximilian: kí ẹ tó rà á, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Géèmù "ká ní" lórí fóònù ni: ẹ̀yin lẹ máa ṣe Maximilian, àbúrò ọba Austria tí Napoleon Kẹta, ọba Faransé, fi jọba Mẹ́síkò ní 1864, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè yí ìtàn ẹ̀ padà. Oṣù kìíní 1866 inú géèmù ló ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti lé Juárez, ààrẹ Mẹ́síkò tó ń bá ọba jà, dé Paso del Norte létí ibodè Texas, owó kọ́sítọ́ọ̀mù èbúté Veracruz ń wọlé, Maximilian mi jókòó pa sórí ìtẹ́ ọba Mẹ́síkò, ṣàdédé ni lẹ́tà yọ lójú fóònù pé Napoleon Kẹta ń kó sójà Faransé padà sílé. Kò bèèrè lọ́wọ́ mi o! Bọ́tìnì "Ó yé mi" nìkan ló wà níbẹ̀, ibi tí màá ti sọ pé kò yé mi ò sí. Èmi tí mo tọwọ́ bọ àdéhùn Miramar pẹ̀lú Faransé ní 1864, tí mo gbà láti san mílíọ̀nù 270 fráǹkì lórí ogun tí wọ́n ti jà kí n tó gúnlẹ̀, tí wọ́n sì ṣèlérí fún mi pé 20,000 sójà á ṣì wà nílẹ̀ ní 1867.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀. Amẹ́ríkà parí ogun abẹ́lé wọn ní 1865, Seward, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, wá ń fúngun mọ́ Faransé, Prussia náà ń múra ogun nítòsí ilé wọn. Ṣùgbọ́n "ká ní" ni wọ́n tà fún mi. "Bó ṣe ṣẹlẹ̀", ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Mo bá kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kéà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa fóònù, kí n tún un tàn. Ṣé fóònù mi ló ń kó sójà wọkọ̀ ojú omi ni? Mo tún kọ, ó tún fi èsì kan náà ránṣẹ́, kọ́mà kan ò yàtọ̀. Ìgbà tí mo wá to àdéhùn Miramar sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹlòmíì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Háà, ìyẹn mọṣẹ́! Ó ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí Faransé ò ní lọ, ohun tí màá ní lọ́wọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ló kù sọ́wọ́ mi. Ó wá bi mí pé, "Miramón dà?"

Miramón! Ọ̀gágun tó ti ṣe ààrẹ Mẹ́síkò rí, tí Maximilian fúnra ẹ̀ rán lọ sí Berlin ní 1864 pé kó lọ kọ́ nípa ìbọn àgbá, nígbà tí ogun ń jó nílé. Káàdì kékeré kan ni wọ́n fi í pamọ́ sí nínú géèmù, gbogbo èèyàn ló ń tẹ "rán an lọ" kí wọ́n lè tètè kọjá.

Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Miramón ò lọ ibì kankan. Mejía, ọ̀gágun ọmọ ẹ̀yà Otomí tí àwọn ará òkè Sierra Gorda ń tẹ̀ lé, mo fún un lówó kó fi kó sójà jọ, èmi fúnra mi sì ń dín Faransé kù díẹ̀díẹ̀ kí gbèsè má baà bò mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí òfin oṣù kẹwàá 1865 tó ní kí wọ́n máa yìnbọn pa ẹni tí wọ́n bá ká ohun ìjà mọ́ lọ́wọ́. Bazaine, ọ̀gágun Faransé, kó àwọn tó kù lọ ní oṣù kẹta 1867, Querétaro, ìlú tí wọ́n ti mú Maximilian nínú ìtàn gan-an, ò ṣubú. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, tí wọ́n yìnbọn pa Maximilian gan-an pẹ̀lú Miramón àti Mejía lórí òkè Cerro de las Campanas, kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ 20 yọ! Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìn.

Ẹ̀sùn mi ṣì kù o. Carlota, ìyàwó Maximilian, tó ń bá ọkọ ẹ̀ di ìlú mú tí ìyẹn bá rìnrìn àjò, tó sọdá òkun ní 1866 lọ bẹ Napoleon àti Póòpù, àwòrán lásán ni wọ́n fi ṣe. Àwọn sójà dúdú láti Sudan tí Íjíbítì fi ránṣẹ́ sí Veracruz ní 1863, torí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń pa Faransé bí ẹní pa eṣinṣin, ẹyọ kan ò sí. Wọ́n wá ń ta bọ́tìnì lọ́tọ̀ tó máa jẹ́ kí ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà borí nínú ogun wọn, kó lè rọrùn fún ọba. Kí n yọ owó lápò kí àwọn tó ń fi èèyàn ṣẹrú lè borí? Èmi kọ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ rà á.