Aṣọ maikirofáíbà tí mo fi ń nu gíláàsì ojú mi: ó dáa o, àmọ́ ó níbi tó kù sí

Mẹ́ta ló wà nínú páálí kan, mo sì ti fọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́ kí n tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn ín ná. Etí ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi nu gíláàsì mi tẹ́lẹ̀, ńṣe ló kàn máa ń yí ọ̀rá ìka kiri, ẹ ó rí i tó fà gbọọrọ láti ọ̀tún dé òsì. Aṣọ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré, láìfomi kàn án, ó ti mọ́ kedere. Mo tún gbé e síwájú iná kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí.

Fọ́nrán inú ẹ̀ ló tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fà á gùn tó mítà 9,000, kò ní wọ̀n tó gíráàmù 1. Pọliẹ́sítà àti náílọ́ọ̀nù, irú ike méjì, ni wọ́n máa ń fà jáde pọ̀ bíi fọ́nrán kan ṣoṣo, wọ́n á wá là á sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń la igi ìdáná, gbogbo ẹ̀ á ní igun, ọ̀rá àti omi á máa há sáàárín wọn. Ẹ wá wo èyí: tẹ́ ẹ bá dín bí fọ́nrán kan ṣe nípọn kù sí ìdajì, ìlọ́po 16 ló máa fi rọrùn láti tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe méjì o! Ọgbọ́n tí ọmọńlé ń dá náà nìyẹn, irun abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, nǹkan líle bí èékánná ni, àmọ́ ó tín-ín-rín débi pé ó rọ̀, ẹnu irun kọ̀ọ̀kan tún là sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, gbogbo ẹ̀ á wá fara mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, kò sì fi gúlúù kankan gùn ún.

Èyí tí mo bà jẹ́ ńkọ́? Mo da nǹkan olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sómi tí mo fi fọ̀ ọ́. Ó rọ̀ lóòótọ́, ó ń ta sánsán, àmọ́ nǹkan yẹn ti bo fọ́nrán ẹ̀, ti dí àárín wọn pa, gíláàsì mi wá ń ṣe bàìbàì. Ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ o, ike ni jàre, yíyọ́ ló máa yọ́. Tó bá sì já sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ gbọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó lò ó o, iyanrìn kan ṣoṣo tó há sínú ẹ̀ ló fa ilà sójú fóònù mi.

Mo tún ra òmíì lọ́wọ́ ẹlòmíì, orúkọ kan náà ló wà lára ẹ̀, irọ́ gbáà. Ẹ wọ́ ọ lórí àtẹ́lẹwọ́ tó gbẹ, ojúlówó á máa há mọ́ awọ díẹ̀díẹ̀ bíi pé nǹkan ń fà yín, tèmi yìí ń yọ̀ lọ ràì, omi ló sì ń tì kiri. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní kí n fọ̀ ọ́ ná.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ti àkọ́kọ́. Mo yọ 1 torí pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ni ike wẹ́wẹ́ ń tara ẹ̀ bọ́ sínú omi, páálí ò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.