Gúgúrú oníṣúgà ní sinimá kan ní Hamburg

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Jámánì tàbí tẹ́ ẹ ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sinimá kan ládùúgbò wa ní Altona, Hamburg níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Fíìmù wọn dáa, àga wọn rọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ ló gbé mi débí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo ra gúgúrú, kì í ṣe èyí tó tóbi jù o, 6.50 Yúrò. Mo jókòó, iná kú, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, háà, ṣúgà! Ṣúgà tó ti yọ́ tó wá gan mọ́ ara gúgúrú, tó ń lẹ̀ mọ́ eyín bíi súwítì, mo rò pé ọmọbìnrin tó tà á fún mi ló ṣàṣìṣe, àṣé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí nìyẹn, tó ò bá ti sọ nǹkan kan, oníṣúgà ni wọ́n á bù fún ẹ. Tó o bá fẹ́ oníyọ̀, àfi kó o là á mọ́lẹ̀, "salzig" ni wọ́n ń pè é, ẹ há a sórí. Kì í ṣe pé a ò mọ oníṣúgà nílé, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe é lẹ́nu ọ̀nà iléèwé ń fi ṣúgà àti mílíìkì sí i, ṣùgbọ́n gúgúrú tó wà lọ́kàn tèmi ni èyí tí ìyá àgbà wa ń yan nínú ìkòkò irin, tí òmíràn ò tiẹ̀ ní bẹ́ tán, tó máa le koko lẹ́nu, téèyàn á wá da ẹ̀pà mọ́ ọn. Mo béèrè ẹ̀pà, wọn ò ní. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé tiyín wọlé, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ìgbà kejì, mo sọ "salzig" ketekete, wọ́n ní oníyọ̀ ti tán. Aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé! Oníṣúgà sì kún inú àpótí gíláàsì wọn dé òkè. Èyí dùn mí gan-an, tí oníyọ̀ bá ń yá tán, ṣé kò yẹ kí wọ́n máa ṣe é sí i ni?

Wọ́n ń ta nachos, ìyẹn ìpékeré àgbàdo, pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíìsì gbígbóná, wọ́n ń ta bíà inú ìgò, òfin Jámánì fàyè gba ọmọ ọdún 16 láti rà á. Ẹ má fi ike omi yín sílẹ̀ sábẹ́ àga, sẹ́ǹtì 25 owó ike wà lórí ẹ̀, tí wọ́n á dá padà fún yín tẹ́ ẹ bá dá ike náà padà. Àti pé kẹ́kẹ́ máa ń pa ni o. Nílé, tí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ nínú fíìmù, gbogbo èèyàn ló máa pariwo "wẹ̀yìn ẹ o!", àmọ́ níbí mo rí i pé wọ́n tiẹ̀ máa ń dúró kí ariwo wà nínú fíìmù kí wọ́n tó rún nachos.

Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù: tí ìpolówó bá parí, tí fíìmù ò tíì bẹ̀rẹ̀, iná á tún tàn, ẹnì kan á wọlé tòun ti àpótí áísíkiriìmù tó so kọ́rùn, á béèrè ta ló fẹ́. Mo nawọ́. Àárín ìlà gan-an ni mo wà, màmá tó jókòó sí ìpẹ̀kun gba owó mi lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó nà án sí ẹni tó ń tà á, áísíkiriìmù gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún kọjá dé ọ̀dọ̀ mi, ṣéńjì mi náà tẹ̀ lé e, ó pé. Bí owó ọkọ̀ ṣe máa ń gba ọwọ́ èrò dé ọ̀dọ̀ kọndọ́ nínú dánfó gẹ́lẹ́! Ọdún kẹta mi níbí nìyẹn, inú mi dùn débi pé mi ò tètè ṣí i jẹ.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5, ẹ̀pà àti iyọ̀ ló gba ìkan yòókù. Túsìdeè ni owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn máa ń dín kù, ẹ tètè dé kí oníyọ̀ tó tán, kẹ́ ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání fún áísíkiriìmù.