Autocmd inú Vim: ohun tó jẹ́ kí n máa lò ó, àti ibi tí mo ti ń jowú Emacs

Ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá tàmì-tàmì lórí kọ̀ǹpútà á mọ wàhálà lẹ́tà ẹ. Ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1EB9. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí U+0323, ìyẹn àmì ìsàlẹ̀, tẹ̀ lé. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, àmọ́ tí ẹ bá ní kí Vim, ètò tí mo fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, wá ọ̀kan, kò ní mú èkejì wá. Autocmd, ìyẹn àṣẹ tí Vim máa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá wáyé, ló bá mi yanjú rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BufWritePre máa ń ké sí macro mi, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí mo kọ, kí fáìlì tó wọ díìsìkì, macro náà á sì sọ gbogbo wọn di oríṣi kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò rẹ̀ ni pé wọ́n ya ṣáájú kíkọ fáìlì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́yìn rẹ̀. BufWritePre ni ibi àtúnṣe; BufWritePost ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà. BufWriteCmd tiẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ kíkọ fáìlì náà ṣe pátápátá, Vim kò ní bá a kọ ọ́ mọ́. Autocmd kan kì í sì dédé ta òmíràn jí, àfi tí ẹ bá fi ++nested sí i, ìpele 10 sì ni òpin rẹ̀. Ààbò gidi lèyí. Láìsí i, macro tó ń kọ fáìlì nígbà tí fáìlì bá ti wọlé á kàn máa pe ara rẹ̀ ṣáá. Tí mo bá sì fẹ́ tọ́jú fáìlì ẹlòmíràn láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, :noautocmd w ti tó.

Ti àdàkọ ni kò dùn mọ́ mi nínú. Tí ẹ bá tún vimrc, fáìlì ètò Vim yín, kà láìpa Vim, gbogbo autocmd inú rẹ̀ á di méjì-méjì, àfi tí ẹ bá kó wọn sínú augroup, ìyẹn ẹgbẹ́ autocmd, kí ẹ sì fi autocmd! gbá a mọ́ lókè. Kò yẹ kí irú ẹrù yìí wà lórí ẹni tó ń lò ó. Neovim, ètò tí wọ́n yọ láti ara Vim, tún un ṣe nínú ẹ̀yà 0.7 tó jáde ní 2022: nvim_create_augroup máa ń gbá ẹgbẹ́ náà mọ́ fúnra rẹ̀.

Títẹ̀léra ni mo ń jowú Emacs, ètò ìkọ̀wé mìíràn, fún. Ní Vim, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí macro àmì mi kẹ́yìn gbogbo plugin, ìyẹn àwọn àfikún tí mo gbé sínú Vim. Láti Emacs 27, ẹ lè fún iṣẹ́ tí ẹ so mọ́ hook, tó dà bí autocmd níbẹ̀, ní nọ́ńbà láti -100 dé 100, èyí tó kéré jù á sì ṣíwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó so mọ́ kíkọ fáìlì yín, ẹ tẹ :verbose autocmd BufWritePre. Á fi gbogbo wọn hàn yín, pẹ̀lú fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.